Ẹlẹ́dàá Ìyànà Ìyẹ̀sí

Ẹ bá mi kí Akínwándé Fọláwẹwọ́. Kí ẹ tó kí i, ẹ tún fìlà yín ṣe, kí ẹ sì nu ẹsẹ̀ yín dáadáa, nítorí kì í ṣe ẹgbẹ́ èmi àti ẹ̀yin. Akínwándé a-rí-dígí-má-kọjá, arìn-gbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló da ọ̀dà sí títì Ìdírókò. Bó bá dúró yẹ ara rẹ̀ wò nínú gíláàsì mọ́tò, awakọ̀ á ní sùúrù títí yóò fi rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ tán.

Èmi Ṣótúndé ni mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, mo sì ń tẹ káàdì pẹ̀lú. Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá tẹ tirẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà: "Ẹlẹ́dàá Akínwándé Fọláwẹwọ́."

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe 'Òǹkọ̀wé' lẹ fẹ́ kọ?"

Ó ní, "Òǹkọ̀wé ń kọ ìwé. Èmi ń dá èèyàn."

Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá ní orí òun ló gbé ayé ró, iṣẹ́ oníkáàdì kọ́ ni láti yẹ ọrùn rẹ̀ wò.

Kí ló dá gan-an? Ìtàn inú fóònù ni. Ẹ mọ irú rẹ̀: àwòrán á jáde, ọ̀rọ̀ á jáde lábẹ́ rẹ̀, ìtàn á wá bi yín pé ọ̀nà wo ni kí òun gbà. Ibi tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ni yóò gbà lọ. Orúkọ tirẹ̀ ni "Ọ̀nà Rónkẹ́". Rónkẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàngó. Ó jáde níbi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ìtàn wá bi yín: ṣé kó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, àbí kó fẹsẹ̀ rìn lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà? Bí ẹ bá ní kó wọ kẹ̀kẹ́, yóò pàdé ọmọ olówó kan tó ń lọ sí yunifásítì. Ọmọ olówó náà jọ Akínwándé láti orí dé àtàǹpàkò, àfi ti pé ó ní mọ́tò.

Bí ẹ bá ní kó fẹsẹ̀ rìn ńkọ́? Ìyá àgbà á jáde, yóò jókòó sórí àpótí, yóò la ẹnu, àkọlé kan á wá bò ó lójú: "Ó ń bọ̀ láìpẹ́." Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìyá àgbà fi la ẹnu sílẹ̀.

N kò ní purọ́, ìtàn náà dùn. Èmi gan-an ń kà á. Àwọn òṣìṣẹ́ láti Ṣàngó títí dé Ìtẹ̀lé ń kà á nínú mọ́tò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà á nínú kíláàsì. Nígbà tó yá, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya Rónkẹ́ tiwọn. Ẹnì kan yà á pẹ̀lú ìborùn. Ẹnì kan yà á níbi tó ti ń bá ọ̀gá rẹ̀ jà nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ń fi í ránṣẹ́ síra wọn lórí Wáásáàpù, inú wọn ń dùn. Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín, kó dúpẹ́. Ẹlẹ́dàá tiwa fajú ro bí ẹni tí wọ́n gba ìyàwó rẹ̀.

"Olè ni gbogbo wọn," ló sọ fún mi. "Wọ́n ń fọwọ́ kan ọmọ mi."

"Ṣebí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni, Ọ̀gá?"

"Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ mi, kó máa wò ó láti òkèèrè, kó sì máa yìn mí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ fún un pé ojú Rónkẹ́ gan-an, ara kàlẹ́ńdà oníbúrẹ́dì kan ló ti wò ó yà. Èmi ni mo ṣe fọ́tòkọ́pì kàlẹ́ńdà náà fún un, mo sì tún bá a mú un tóbi sí i.

Àdùkẹ́ ni ọ̀rọ̀ wá bá. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó ń di bisikíìtì sínú páálí ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàngó, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, arúgbó tó ń jẹ́ Àṣàbí, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìtẹ̀lé. Àdùkẹ́ dúró de "láìpẹ́" títí, láìpẹ́ kò dé. Ó bá jókòó, ó kọ ọ̀nà ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ó ya àwòrán mọ́kànlélógún sí i. Ìyá àgbà inú ìtàn rí ọ̀rọ̀ sọ nígbẹ̀yìn: ó ń ki ọkọ rẹ̀ tó ti kú.

Oríkì yẹn kì í ṣe àròsọ. Ẹnu Màmá Ìtẹ̀lé ni Àdùkẹ́ ti gbọ́ ọ. Ti bàbá àgbà rẹ̀, Fàlílù Àjàní, ni, màmá fúnra wọn ló sì kó o jọ fún ọkọ wọn láti ìgbà èwe. Ṣùgbọ́n màmá ti ń gbàgbé nǹkan. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ tí Àdùkẹ́ wá lo kọ̀ǹpútà mi láti fi tò ó, ó ní, "Bọ̀dá Ṣótúndé, tí màmá bá gbàgbé ẹ̀ tán, ibí yìí nìkan ló máa kù sí."

Àwòrán méjì péré ló tíì fi síta, ó ní ìyókù ń bọ̀ ní Sátidé. Akínwándé kò jẹ́ kí Sátidé pé. Ó lọ bá a lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́, ó ní kó kó gbogbo rẹ̀ wá, kó pa èyí tó kù rẹ́, kó sì wá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì níwájú èrò. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun yóò mú ọlọ́pàá dé, òun yóò sì kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé olè ló gbà síṣẹ́. Ta ni yóò fi olè sídìí páálí bisikíìtì? Àdùkẹ́ sunkún, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fílaṣì, ó gbé e fún un.

Ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ṣí fílaṣì náà. Kí ẹ lè mọ ìdí tó fi ń kánjú, ẹ rántí bí ayé ṣe rí ní ìhà Ọ̀tà nígbà náà. Yunifásítì ń hù bí olú. Ìjọ tí kò bá tíì ní tirẹ̀ ń wá ilẹ̀, èyí tó rílẹ̀ ń wá búlọ́ọ̀kù. Ìjọ Àkàbà Ògo ní Ìtẹ̀lé ti mọ odi tirẹ̀ dé ìdajì, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ìtàn aláwòrán. Pásítọ̀ Ṣọládé, alága ìgbìmọ̀, ti sọ fún Akínwándé pé kó mú ìtàn tó parí wá, àwọn kò gba ìtàn tó la ẹnu sílẹ̀.

Ẹlẹ́dàá wá gbé ọ̀nà ẹsẹ̀ Àdùkẹ́ odindi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tirẹ̀, ó pa orúkọ ọmọbìnrin náà rẹ́, ó kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Kò ka ìlà kan.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ò ní kà á ni?"

Ó ní, "Ta ní í ka iṣẹ́ olè?"

Mo dákẹ́. Oníbàárà ńlá ni, mo sì ń wá ẹni tí yóò fún mi ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé yunifásítì náà. Ojú ń tì mí títí dòní pé mo dákẹ́.

Ọjọ́ Sátidé tí yóò fi ìtàn náà han ìjọ pé, gbọ̀ngàn Àkàbà Ògo kún fọ́fọ́. Akínwándé wọ agbádá tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ fún ìjọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ogójì ọjọ́ ni òun fi gbààwẹ̀ kí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ sínú òun. Ìyá rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta, wọ́n jókòó ní ìlà iwájú, opó olùkọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn pátápátá ni Àdùkẹ́ wà pẹ̀lú ìwé àforíjì tí Akínwándé ní kó wá kà lọ́wọ́. Màmá Ìtẹ̀lé jókòó tì í, ìborùn funfun lórí. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n sinmi nílé. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá máa pe ọmọ ọmọ mi lólè, ojú mi ni kí wọ́n ti pè é."

Ìtàn ni yóò kọ́kọ́ wáyé, ìkúnlẹ̀ á tẹ̀ lé e. Rónkẹ́ jáde lára aṣọ funfun tó wà lára ògiri, ó jáde níbi iṣẹ́.

"Ẹ̀yin ará," ni Akínwándé wí, "ẹ na ọwọ́ sókè. Ṣé kẹ̀kẹ́ ni àbí ẹsẹ̀?"

Ẹsẹ̀ ni gbogbo ilé ń pariwo. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá àgbà la ẹnu, àkọlé kò bò ó mọ́, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Akínwándé sì ń kà á sínú máìkì pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń pín ìbùkún:

"Àjàní, ọkùnrin ilé-iṣẹ́ òwú,
ẹ̀rọ gé e níka, kò gé e lẹ́nu.
Ó fi ìka kan sílẹ̀ ní Ṣàngó,
ó fi mẹ́sàn-án tó kù tọ́ ọmọ méje."

Èrò pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ Ṣọládé nu ojú, wọ́n bi í pé, "Bọ̀dá Fọláwẹwọ́, oríkì ta nìyí?"

Ká ní ó sọ pé àròsọ ni, ìjọ ì bá ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìyìn dà bí ata, ẹni tó bá ti tọ́ ọ wò á fẹ́ bù sí i. Ẹlẹ́dàá gbé agbádá sí èjìká.

"Oríkì bàbá tó bí mi ni, sà. Bí wọ́n ṣe ń kì wá nílé wa nìyẹn."

Ìyá rẹ̀ ní iwájú gbé orí sókè. Kò rí wọn. Ó ti kọjú sí aṣọ funfun, ó ń ka ìlà tó kàn: "Àjàní a-bínú-má-kọ-ọbẹ̀..."

Ohùn arúgbó kan gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti ẹ̀yìn: "Bó bínú láàárọ̀, á bi ọ̀sán léèrè pé kí lẹ sè. Ọkọ Àṣàbí, oorun rẹ ń jí aládùúgbò."

Gbogbo ilé yíjú sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n tún fi máa kọjú síwájú, ìlà méjèèjì ti jáde lára aṣọ, bí màmá ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Màmá Ìtẹ̀lé ti dìde. Àdùkẹ́ di ọwọ́ wọn mú.

"Fàlílù nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ọkọ mi ni. Bọ̀dá, níbo lo ti mọ̀ ọ́n?"

"Ìyá, ẹ ṣì í gbọ́ ni," ni Akínwándé dáhùn, òógùn ti bọ́ sí i lójú. "Bàbá tèmi là ń kì."

Màmá kọ́kọ́ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ arúgbó mọ̀ pé wọn kì í kánjú. "Ṣé Fàlílù ló bí ọ? Ọmọ méje ni mo bí fún un, mo mọ gbogbo wọn lórúkọ. O ò sí níbẹ̀. Ta wá ni ìyá tìẹ?"

Ojú gbogbo ìjọ rọra rìn láti ẹ̀yìn, ó kọjá láàárín, ó sì bà lé opó tó jókòó ní ìlà iwájú.

Opó náà dìde. Wọ́n tún gèlè ṣe.

"Akínwándé, ìka mélòó ni bàbá ẹ ní?"

Ó fi etí agbádá nu ojú.

"Mo ní ìka mélòó?"

"Mẹ́wàá, mà."

"Èmi ni mo ń bá a gé èékánná nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo ń gé. Ta ni Àjàní oníka mẹ́sàn-án tí o wá ń pè ní bàbá rẹ níwájú ìjọ Ọlọ́run?"

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Akínwándé wo ìyá rẹ̀, ó wo aṣọ funfun, ó wo ẹnu ọ̀nà, èrò sì ti dí ẹnu ọ̀nà. Pásítọ̀ Ṣọládé ló gbà á sílẹ̀, bí a bá lè pè é ní gbígbà sílẹ̀.

"Bọ̀dá Fọláwẹwọ́, ọ̀nà méjì ló kù nínú ìtàn yìí. Yálà màmá yín ṣe ohun tí kò dáa, àbí ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ yan ọ̀kan."

Ẹnì kan kígbe láàárín èrò pé, "Ẹ tẹ̀ ẹ́, Ẹlẹ́dàá." Ẹ̀rín bú jáde. Mo mọ ẹni tó kígbe. Èmi ni, ó sì yẹ kí n ti lanu ṣáájú ìgbà yẹn.

Akínwándé sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, agbádá bò ó mọ́lẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan wúyẹ́wúyẹ́.

Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n gbé máìkì wá. "Sọ ọ́ sínú èyí. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

"Àdùkẹ́ ló kọ ọ́," ni Akínwándé wí láti orí ilẹ̀. "Èmi ni mo jí i."

Màmá Ìtẹ̀lé ní etí òun ti wúwo, kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Nígbà náà ni màmá gba ìwé àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọmọ wọn, wọ́n ká a sábẹ́ apá, wọ́n sì tì í síwájú.

"Lọ gba nǹkan ìsọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀," ni wọ́n wí, "kí o ka ti Fàlílù parí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí n tó gbàgbé."