Ọjọ́ Tí Àǹtí Mi Dá Mi Padà Sí Nàìjíríà

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láyé. Bí mo bá rántí rẹ̀, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí ẹ̀rín tó dé. Ọjọ́ náà ni àǹtí mi dá mi padà sí Nàìjíríà, tí mi ò sì kúrò nínú ilé wọn ní ìlú Rowlett ní Amẹ́ríkà.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo kàwé tán, wọ́n fún mi láyè láti ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ilé iṣẹ́ kan ní Lewisville sì gbà mí síṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí àyè yẹn fẹ́ tán, ọ̀gá mi ní àwọn á bá mi gba físà òṣìṣẹ́. Bí físà yẹn bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹrù ni mo máa dì, kí n padà sílé lọ́wọ́ òfo, ìyá mi tó ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun ti rí ṣe á sì máa wá ibi tó máa fojú sí.

Lọ́yà ilé iṣẹ́ wá pè mí pé aṣojú ìjọba lè yọjú nígbàkígbà, ní ọ́fíìsì tàbí nílé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, láti rí i pé iṣẹ́ náà wà lóòótọ́. Ó ní bí wọn ò bá bá mi, ó lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo? Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú mi.

Lákòókò náà, ìròyìn pé wọ́n ń kó àwọn àjèjì kún orí fóònù gbogbo wa. Èmi tí ìwé mi pé pérépéré, èmi ni ẹ̀rù ń bà jù. Mo bá sọ fún Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò ìyá mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ bá wá béèrè mi, ẹ ò mọ̀ mí o."

Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọn kì í fi iṣẹ́ tí wọ́n bá gbà ṣeré. Wọ́n ní, "Leave it to me."

Mi ò wá sọ ọ̀rọ̀ lọ́yà fún wọn. Ẹ ṣáà mọ̀ wá: a kì í sọ ọ̀rọ̀ físà síta títí tá a fi máa jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọjọ́ kan tí mò ń ṣiṣẹ́ láti ilé, mo wà nínú ìpàdé orí kọ̀ǹpútà. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo so táì, ṣòkòtò pénpé tí mo fi sùn ló sì wà nísàlẹ̀. Aago ẹnu ọ̀nà dún. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí òyìnbó kan, káàdì lọ́rùn, fáìlì lọ́wọ́. Jìnnìjìnnì bò mí. Gbogbo ohun tí lọ́yà sọ fò lọ, ohun tó kù lórí mi kò ju pé wọ́n ti wá mú mi. Mo ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì tí mo kọ́kọ́ rí, ó di inú gáráàjì, mo lóṣòó sẹ́yìn àpò ìrẹsì Àǹtí.

Láti ibẹ̀, mò ń gbọ́ Àǹtí àti ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà dárúkọ mi, ó ní ṣé ibí ni mo ń gbé.

"Rárá," Àǹtí dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń bá dókítà sọ̀rọ̀. "Ó ti padà sí Nàìjíríà."

"Ṣé ó ń bọ̀?"

"Kò bọ̀ mọ́. Ó ti fẹ́yàwó síbẹ̀."

Mò ń yin Àǹtí nínú mi nígbà tí ọkùnrin náà ní, "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ físà iṣẹ́ rẹ̀ ni mo bá wá. Màá kọ ọ́ pé mi ò bá a."

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà, mi ò rírú ẹ̀ rí. Mo rí ara mi nínú bàálù, mo rí ojú ìyá mi. Bí mo bá jáde, Àǹtí di òpùrọ́ lójú ìjọba. Bí mo bá jókòó, físà ti lọ. Mo dìde, orí mi ń yí, mo fẹ̀yìn ti ògiri. Àṣé bọ́tìnnì tó ń ṣí gáráàjì ni mo fẹ̀yìn tẹ̀. Ilẹ̀kùn ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ariwo.

Iwájú gáráàjì gan-an ni ọkùnrin náà páàkì sí. Ó dúró, ó ń wò. Sílípáàsì píǹkì Àǹtí tó wà lẹ́sẹ̀ mi ló kọ́kọ́ rí, ó rí ṣòkòtò pénpé, ó rí táì, kó tó wá kan ojú mi. Ó wo inú fáìlì, ó tún wò mí, ó dárúkọ mi. Mo ní èmi ni.

"Wọ́n ní o ti padà sí Nàìjíríà."

Ẹnu mi yìí, tí mo fi kàwé débi tí mo kà á dé, ló bá ní, "Mo ti dé, sà."

Àǹtí lanu lẹ́nu ọ̀nà. "Jésù! Kí lo wá ṣe níta? Mo ti settle ẹ̀ now!"

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló dé tí mo sá. Mo sọ òtítọ́ fún un: ẹ̀rù ló bà mí, èmi ni mo sì bẹ Àǹtí kí wọ́n sẹ́ mi. Ó ní kí n mú òun lọ síbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé. A dé ibẹ̀, ọ̀gá mi ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, ó ń pe orúkọ mi pé ibo ni mo wọlé sí. Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀gá mi ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún un, ọkùnrin náà ń kọ ọ́. Nígbà tó ń jáde, ó yíjú sí Àǹtí: "Ẹ bá mi kí ìyàwó rẹ̀ ní Nàìjíríà."

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mi ò fi lè jẹun dáadáa, kí lọ́yà tó pè pé wọ́n ti fọwọ́ sí físà náà. Mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fo apá gáráàjì. Àǹtí gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi, wọ́n fi apá náà kún un.

Ohun tí mo kọ́ kò ju pé bá a bá fẹ́ kí ẹni tá a jọ ń gbé gbà wá, ká jẹ́ kó mọ ohun tó ń lé wa gan-an. Títí dòní, bí aago ẹnu ọ̀nà bá dún, Àǹtí á pariwo láti kíṣìnì pé, "Ṣé o wà nílé, àbí o ti lọ bá ìyàwó ẹ?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì dìde lọ ṣílẹ̀kùn fúnra mi, àyà mi á ṣì máa já.