Àgbò Tó Ń Gbọ́ Faransé

Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá Hàlímọ̀tù ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ní agboolé wọn ní Gàmbàrí ni, ló bá gbọ́ ohùn Habibullah, ọmọ ọmọ rẹ̀, lẹ́yìnkùlé. Ohùn jẹ́jẹ́, irú èyí tí ọkùnrin fi ń tan obìnrin. Ìyá wọ bàtà òsì sí ọ̀tún, ó yọ́ lọ. Kò bá obìnrin kankan. Àgbò Iléyá tó rà ló bá lórí ìso, Habibullah lóṣòó níwájú rẹ̀, èèpo iṣu wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ́njúù, Músíọ̀! Kòmáńtàlé-fú?"

Ìyá wúkọ́. Habibullah fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé àgbò lórí.

"Àbíbù, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Háà! Ìyá Àgbà! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ìrun."

"Ìrun mi ti lọ bá Ọlọ́hun, ìwọ ni mo bi. Ta ní ń jẹ́ Músíọ̀?"

"Òun ni, mà." Ó nàka sí àgbò.

"Àgbò tí mo rà, ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ? Ọjọ́ wo lẹ ṣe ìkómọ tí n ò gbọ́?"

"Kì í ṣe orúkọ, mà. Faransé ni. Bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin tó tó ọ̀wọ̀ nìyẹn."

"Èyí tó ń tọ̀ sẹ́sẹ̀ ara ẹ̀ yìí?"

"Ìyá, ẹ jókòó, kí n ṣàlàyé."

"N ò jókòó. Bí mo bá jókòó, irọ́ gígùn lo máa pa. Sọ ọ́ kúkúrú."

"Ṣé ẹ rántí kíláàsì Faransé tí mò ń lọ ní àdúgbò Fate? Látìgbà tó ti parí lọ́dún tó kọjá, èdè yẹn ti ń sá kúrò lẹ́nu mi. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn Iléyá, àwọn ará Kútọnu tó ń ra òrí á pè mí lórí fóònù. Bí mo bá lè bá wọn sọ ọ́, mo níṣẹ́. Bí n ò bá lè sọ ọ́, orí ọ̀kadà ni mò ń padà sí."

"Àgbò ló wá kù tó o lè bá sọ ọ́?"

"Ta ni kí n bá sọ ọ́, Ìyá? Rasheedah tá a jọ kọ́ ọ ti relé ọkọ. Mo fi Faransé kí i lórí fóònù, ọkọ ẹ̀ ló gbé e, ó ní irú èpè wo nìyẹn. Mo lọ bá Sàní onítíì, ará Nijé. Mo ní 'Bọ́njúù', ó gbé ṣíbí sókè! Ó ní nítorí Faransé lòun ṣe sá níléèwé, òun sá dé Gàmbàrí, mo tún gbé e wá bá òun!"

"Sàní gbọ́n. Fóònù tí ẹ jọ ń sùn ńkọ́?"

"Fóònù máa ń bá mi wí, mà. Bí mo bá ṣì í sọ, á pariwo lé mi lórí. Àgbò yìí ò bá mi wí rí."

"Ẹnu ẹ̀ kún fún èèpo iṣu, kí ló máa fi bá ẹ wí?"

"Ó ń gbọ́ ọ o! Ẹ wò ó." Habibullah sún sẹ́yìn. "Músíọ̀! Fìyẹ́ń ísì!"

Àgbò gbórí sókè, ó rìn tọ̀ ọ́ wá.

Ìyá ní, "Ìwọ àgbò, máa bọ̀!" Àgbò kọ ìdí sí i.

"Ṣé ẹ rí i, Ìyá? Kò gbọ́ Yorùbá mọ́."

"Gbé èèpo iṣu yẹn wá." Ìyá gbà á, ó nà án síta, kò sọ nǹkan kan. Àgbò sáré wá bá a, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já okùn. "Faransé ọ̀hún nìyẹn. Ọwọ́ mi ló wà."

Habibullah kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ ká fi tòlótòló rọ́pò ẹ̀."

"Àsítágáfúrúláì! Àgbò tí mo ti ṣe àníyàn ẹ̀? Nígbà tí wọ́n gbé àgbò fún Ànábì Ìbúráhímù látọ̀run, ṣó kọ́kọ́ bi í pé èdè wo lo ń gbọ́?"

"Bí ẹ bá pa á, Faransé mi kú nìyẹn. Tó bá kú, iṣẹ́ ti lọ."

Omi ti lé ròrò sójú ẹ̀ lóòótọ́. Ìyá rí i. Ó dojú odó délẹ̀, ó jókòó lé e.

"Kí ni àgbò máa ń dá ẹ lóhùn?"

"Mẹ̀ẹ́ẹ́."

"Sí gbogbo ọ̀rọ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

"Ṣé mẹ̀ẹ́ẹ́ làwọn ará Kútọnu náà máa dá ẹ lóhùn?"

Habibullah fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Kí ni wọ́n ń pe bẹ́ẹ̀ ni?"

"Wí."

"Rárá ńkọ́?"

"Nọ́ọ̀n."

"Ó tó. Kí lèmi àti bàbá àgbà ẹ bára wa sọ kọjá méjèèjì yẹn tá a fi bímọ jọ? Ó yá, bá mi sọ̀rọ̀."

Habibullah gbọ́wọ́ lé àgbò lórí, ó sọ Faransé gígùn kan, ó fi ohùn ẹkún parí ẹ̀.

"Nọ́ọ̀n."

"Ìyá! Ẹ ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo sọ!"

"Ẹni tó gbọ́wọ́ lé àgbò lórí, tó ń ṣojú àánú, kí ló tún ń tọrọ? N ò gbọ́ Faransé, àmọ́ mo gbọ́ ojú. Tó o bá fẹ́ bá mi jà, fi Faransé jà."

Inú bí Habibullah. Ó dìde, Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bí omi ẹ̀rọ tó ti dá tipẹ́. Ó ń na ìka, ó ń gbá àyà, ó ń bẹ̀, ó ń bú.

"Nọ́ọ̀n," ni Ìyá ń wí. "Nọ́ọ̀n. Nọ́ọ̀n o."

Àgbò gan-an gbàgbé oúnjẹ ẹnu ẹ̀. Nígbà tí èémí Habibullah tán, ó dúró, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Ìyá… n ò dúró wá ọ̀rọ̀ rárá! N ò sọ tó yìí rí, ní kíláàsì gan-an!"

"Ẹni tó ń gbà fún ẹ ni ò jẹ́ kí ẹnu ẹ mú. Lójoojúmọ́, tí mo bá ti kírun tán, wá ká jà."

"Ọlọ́hun á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́, Ìyá! Ṣé… ṣé ẹ máa wá dá a sí?"

Ìyá dìde, ó gbọn aṣọ ìdí ẹ̀.

"Máa fi Faransé dágbére fún un lọ. Lọ́jọ́ ọdún, Lárúbáwá ni Àáfà máa fi bá a sọ̀rọ̀, kò sì ní dúró gbèsì."