Ìkéde Nípa Bàbá Tí Ìsàlẹ̀-Ọ̀gbun Rà

Kóń! Kóń! Kóń! Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Àgbẹdẹ, tọmọdé tàgbà! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè mì! Ẹni tó ń wẹ̀, kó gbọ́ mi tòun tọṣẹ lójú! Èmi Ṣóyọyè alágogo ni. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa, Ẹkùn Òkè-Àgbẹdẹ, ló rán mi.

Nǹkan ti ṣẹlẹ̀! Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Ọ̀gbun, tí a jọ máa gbá àṣekágbá ife ìlú ní Sátidé, ti ra agbábọ́ọ̀lù tuntun. Tuntun kẹ̀! Ládélé ni wọ́n rà! Ládélé Ọfà! Ládélé tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì nígbà ìkórè iṣu! Wọ́n gbé e yí ọjà ká lórí ọkọ̀, wọ́n ń jó. Ojú mi ló ṣe. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, èèyàn méjì ló dì í mú.

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Mo ní ẹ má rẹ́rìn-ín! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A ò mọ̀ pé àgbà á kúrò lọ́jà bọ́ sórí pápá. Kí ayé má baà sọ pé àwa ò lẹ́kọ̀ọ́, àṣẹ ti jáde.

Àṣẹ kìíní! Ọmọ wa tó bá fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ Bàbá, kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀! Àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀! Kó béèrè àlàáfíà orúnkún rẹ̀, ọ̀tún ṣáájú, òsì tẹ̀lé e. Tí Bàbá bá dáhùn tán, kó wá gba bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá gbà á láìkí i, àdá ni yóò fi ṣán pápá fún oṣù mẹ́ta!

Àṣẹ kejì! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀! Ẹni tó bá dán an wò, òun ni yóò máa fọ aṣọ gbogbo ẹgbẹ́, tòun ti ìbọ̀sẹ̀ aṣọ́lé wa!

Àṣẹ kẹta! Kí rẹfirí gbé àpótí sítòsí àwọ̀n wa, kí Bàbá jókòó síbẹ̀ de bọ́ọ̀lù. Kò sí ọfúsáìdì fún ẹni tó jókòó!

Mo gbọ́ ẹni tó ń kùn níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ pé ṣebí tiwa ni Ládélé tẹ́lẹ̀. Ta ló bi ọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, tiwa ni! Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn la lé e, a ní ó ti gbó. Èmi yìí náà ni mo kéde ẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ti kiri ẹgbẹ́ mẹ́rin, gólì mọ́kànlá ló sì ti jù sáwọ̀n wa. Ẹ gbàgbé ìyẹn. Mo ní ẹ gbàgbé ẹ̀!

Àṣẹ kẹrin, èyí tó wúwo jù! Akínlàbí, nọ́ńbà márùn-ún wa, ni yóò ṣọ́ Ládélé ní Sátidé. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ọmọ bíbí inú Ládélé ni. Ẹgbẹ́ ní kó má sùn nílé bàbá rẹ̀ títí di Sátidé. Kó má jẹun níbẹ̀. Kó má kí i láàárọ̀! Tó bá kọ̀, kò ní wọ aṣọ ẹgbẹ́ mọ́ láyé!

Iṣẹ́ yìí, mo ti lọ jẹ́ ẹ láàárọ̀ yìí. Mo bá bàbá lórí àga, ó na ẹsẹ̀ tó wú. Mo bá ọmọ lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi òróró ra orúnkún bàbá rẹ̀. Mo jẹ́ iṣẹ́ mi tán. Akínlàbí ò gbójú sókè. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ó ku orúnkún kejì. Ládélé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti kìlọ̀ fọ́mọ náà: tó bá dọ̀bálẹ̀ fóun lórí pápá, òun á fò ó kọjá, òun á gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Ẹ gbọ́ o! Àṣẹ karùn-ún! Ẹgbẹ́ ò rán mi níṣẹ́ yìí, èmi ni mo fi kún un. Tí Akínlàbí bá gbé bàbá rẹ̀ ṣubú ní Sátidé, kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́. Ká dákẹ́ títí yóò fi dìde. Tí bàbá bá sì ju ìkejìlá sáwọ̀n wa, kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọ ní ọ̀dàlẹ̀. Àwa la lé e.

Kóń! Agogo dákẹ́, kí etí má dákẹ́. Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ará oko. Ẹni tó bá sì ní òróró orúnkún nílé, ẹ mọ ilé Ládélé.