Kóòtù Tó Ń Dán Lọ́fínńdà Wò

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, ìgbìmọ̀ sì ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ẹnu rẹ̀. Màdáámú Sánsán ló ṣíwájú, ẹni tó ni bùtíìkì onígíláàsì ní ìkángun òpópónà, níbi tí báàgì kan ti ń dá jókòó lórí pẹpẹ bí ìyàwó tuntun. Alágbàfọ̀ tẹ̀lé e. Opó ni, kò tíì pẹ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, Awakọ̀. Ó ká kóòtù ọkùnrin kan sí apá bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn.

Baálẹ̀ wà lórí àga, ìgbìmọ̀ jókòó sí ọ̀tún rẹ̀, Bàbá Kí-lo-wí sì ń tòògbé ní ìkángun bẹ́ǹṣì. Etí bàbá yìí ti di tipẹ́. Kì í gbọ́ ẹjọ́, ṣùgbọ́n kì í pa ìjókòó jẹ.

“Màdáámú, kí ló ṣe ọ́?”

“Olè ni, Bàbá. Obìnrin yìí ń jí òórùn mi.”

“Òórùn rẹ?”

“Ti lọ́fínńdà mi. Mo gbé ìgò kan síta fún àwọn oníbàárà, mo lẹ bébà mọ́ ọn, mo kọ ‘Dán mi wò’ sí i. Ojoojúmọ́ ló ń wá. Á tẹ́ kóòtù yẹn sórí káńtà mi, á fọ́n lọ́fínńdà sí i lọ́rùn, á fọ́n ọn sí i lápá, á tún ṣí inú rẹ̀, á fọ́n ọn síbẹ̀. Kò ra nǹkan rí. Ẹ bá mi sọ fún un kó má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́ títí ayé.”

Alágbàfọ̀ gbá kóòtù náà mọ́ra. Kò sí ibòmíràn láyé tó lè gbà lọ bá ọkọ rẹ̀.

“Alágbàfọ̀, ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Bàbá. Mi ò jalè. Wọ́n ní ká dán an wò, mo ń dán an wò.”

“Ojoojúmọ́?”

“Mi ò tíì pinnu ni. Nǹkan báyìí kò gba ìkánjú, Bàbá. Ọkọ mi gan-an, ọdún mẹ́fà ni mo fi dán an wò kí n tó gbà.”

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Màdáámú Sánsán kò bá wọn rín in.

“Ọkọ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà,” ó ní. “Gbogbo Sátidé ló máa ń yà wọlé kó tó lọ wa bọ́ọ̀sì rẹ̀. Á fọ́n lọ́fínńdà sọ́rùn, á dúró níwájú dígí, á yíjú sọ́tùn-ún, á yíjú sósì, bí ẹni tó fẹ́ ra gbogbo ilé náà. Bí mo bá bi í pé ṣé ó máa rà á, á ní, ‘Ẹ jẹ́ kí n rò ó sí i.’”

“Ó wá rò ó títí?”

“Ó rò ó wọ sàréè, Bàbá.”

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ rín in.

“Ẹlẹ́rìí dà?” Baálẹ̀ ní.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bùtíìkì jáde síwájú, bọ́tìnnì ń dán láyà rẹ̀.

“Ṣé o máa ń rí obìnrin yìí tó bá ń wọlé?”

“Rárá, Bàbá. Mi ò rí i kó wọlé rí. Àmọ́ mo máa ń rí i tó bá ń jáde.”

“Ṣé inú bùtíìkì ni wọ́n bí i sí ni?”

“Bó bá ń wọlé, mo máa ń wojú ọ̀run, Bàbá. Bó bá ń jáde, ó máa ń kí mi. Mi ò lè wojú ọ̀run dá èèyàn lóhùn.”

Màdáámú Sánsán wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá a tajà bọ́ síwájú kíákíá.

“Ẹ má dá a lóhùn, sà. Ìṣojú mi ló ń ṣẹlẹ̀. Ó máa ń fọ́n ọn tán, á wá máa bá kóòtù sọ̀rọ̀, á sì máa sunkún.”

“Ẹ̀rín ló ń rín,” ẹ̀ṣọ́ ní.

“Ìwọ tó ń wojú ọ̀run?”

“Ẹ̀rín ni mo gbọ́.”

“Ẹkún ni mo rí.”

“Alágbàfọ̀,” Baálẹ̀ ní, “èwo nínú méjèèjì?”

“Méjèèjì ni, Bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ awakọ̀ yẹn, kò sí èyí tí kò ní ṣe.”

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, tí ebi ti ń pa, gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ jẹ́ ká ra ìgò kan fún un ká lọ sílé.”

“Mi ò fẹ́, sà,” Alágbàfọ̀ ní. “Bó bá délé, lọ́fínńdà lásán ni yóò dà. Ọkọ mi ò gbé inú ìgò tí wọ́n rà rí. Ọ̀fẹ́ ló ń gbé.”

“Ó dáa,” Baálẹ̀ ní. “Ṣùgbọ́n òun ló ni kóòtù yìí. Ṣé òórùn rẹ̀ ò sí lára rẹ̀ ni, tí o fi ń lọ wá a nínú bùtíìkì?”

Alágbàfọ̀ fọwọ́ pa kóòtù náà kó tó dáhùn.

“Ọjọ́ tí ìròyìn dé, aṣọ oníbàárà ló wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ó rọra dá bọ́ọ̀sì dúró, ó gbórí lé sítíárìn, kò sí èrò kankan tó fara pa. Wọ́n gbé kóòtù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Bàbá, alágbàfọ̀ ni mí. Aṣọ tí wọ́n bá gbé lé mi lọ́wọ́, fífọ̀ ni. Mo fọ ọ́. Mo ṣan án, mo sá a. Ìgbà tí mo gbé e sí imú ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo ti fọ ọkọ mi dànù.”

Màdáámú Sánsán tún síkáàfù ọrùn rẹ̀ ṣe.

“Kó yáa fi ọṣẹ rẹ̀ ṣe lọ́fínńdà,” ó ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

“Tú kóòtù náà ká wò ó,” Baálẹ̀ ní.

Alágbàfọ̀ tú u. Bàbá Kí-lo-wí la ojú.

“Awakọ̀,” ó ní, “ìwọ nìyẹn? Ó pẹ́ kí o tó dé o. Wá jókòó.” Ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó sì fọwọ́ gbá àyè tó ṣófo. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀ ni bàbá náà máa ń jókòó sí ní Sátidé tó bá ń lọ kí ọmọ rẹ̀.

Baálẹ̀ tẹ̀ sí i létí. “Bàbá, Awakọ̀ ti kú.”

“Kí lo wí?”

“Mo ní ó ti kú.”

“Ẹ má parọ́ mọ́ ọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni.”

Wọ́n ti sọ fún un lọ́jọ́ ìsìnkú. Etí ni wọ́n sọ ọ́ sí.

“Òórùn lásán ló gbọ́,” Màdáámú Sánsán ní.

“Kí lo ní ó ṣe?” Baálẹ̀ ní.

“Ó gbọ́ ọ, Bàbá. Bá a ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn.”

“Ohun tí èèyàn bá gbọ́, ṣé ó jí i ni?”

Baálẹ̀ wú ikọ́.

“Ìdájọ́ rèé. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lójú ọjà kì í padà lọ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́. Lọ́fínńdà rẹ sọ̀rọ̀, obìnrin yìí gbọ́. Kò jalè. Ṣùgbọ́n Awakọ̀ jẹ̀bi: ó wo dígí bí ẹni tó lówó. Mo lé e kúrò ní bùtíìkì yẹn títí ayé. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀, ẹ ránṣẹ́ pè mí kíákíá. Mo ní ọ̀rọ̀ bá a sọ.”

Ó nawọ́ sí Alágbàfọ̀.

“Ìyàwó rẹ̀ ni yóò parí ìdánwò tí ọkọ bẹ̀rẹ̀. Mo fún un ní ìyókù ayé rẹ̀ láti pinnu. Sátidé nìkan, ọrùn kóòtù nìkan. Èyí tó ń fọ́n sínú yẹn, wọ̀bìà ni. Bó bá sì ti ṣe tán, kó gba ọ̀dọ̀ Bàbá Kí-lo-wí kọjá, torí kò sí nǹkan mìíràn tó ń gbọ́ láyé.”

“Èmi ńkọ́, Bàbá?”

“Oníṣòwò ni ọ́. Máa bi í bóyá ó máa rà á. O ò gbọdọ̀ jẹ́ kó jáde láìbi í.”

Òní ni Sátidé. Ẹ̀ṣọ́ wojú ọ̀run títí Alágbàfọ̀ fi wọlé. Ó tẹ́ kóòtù sórí káńtà, ó fọ́n lọ́fínńdà sí i lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dá ìgò padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn káńtà, Màdáámú Sánsán ń tún síkáàfù kan ká, èyí tó ti ká tẹ́lẹ̀.

“Ṣé ẹ máa rà á, mà?”

Alágbàfọ̀ gbé kóòtù náà síwájú dígí. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

“Ẹ jẹ́ kí n rò ó sí i,” ó ní.