Ọjọ́ Tí Mo Yin Hónọ́rébù Tọkàntọkàn

Bí mo gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọjọ́ kan ò lè tán lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí mo gun orí ọkọ̀ akẹ́rù lọ yin olóṣèlú l'Ógbómọ̀ṣọ́.

Eré ni mò ń ṣe lórí rédíò l'Ọ́yọ́ níbí. Láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń di Káńsẹ́lọ̀ Jẹgúdújẹrá, olóṣèlú tó ń kó owó afárá ìlú jẹ, tó sì ń fi Ọlọ́run búra pé òun ò jẹ. Bí mo bá ń kọjá l'Ọ́jà Akẹ̀sán, àwọn ìyá á máa pariwo pé, "Káńsẹ́lọ̀, afárá wa dà?" Orí mi á sì wú. Àfi bí ọ̀gá rédíò ṣe pè mí lọ́jọ́ kan.

"Bùrọ̀dá, ẹ̀rín ò ṣeé rọ sínú jẹnẹrétọ̀ o. Bẹ́ ẹ ò bá rí onígbọ̀wọ́, ètò yín parí lópin oṣù yìí."

Ayé mi dàrú. Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́yìn eré yẹn? Ibẹ̀ ni Hónọ́rébù kan tó fẹ́ padà sílé ìgbìmọ̀ ti rán èèyàn sí mi: kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ níbi ìpolongo l'Ọ́jà Igbó l'Ógbómọ̀ṣọ́, òun á ṣe onígbọ̀wọ́ ètò mi fún ọdún kan gbáko. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ bú irú wọn, ṣe ni mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, báyìí làwa eléré ṣe rí. A ó bú wọn lánàá, a ó dé fìlà ẹgbẹ́ wọn lọ́la. Ojú kì í tì wá.

Bí èrò ṣe rí mi lórí ọkọ̀, wọ́n hó yèè: "Jẹgúdújẹrá!" Mo gba máìkì.

"Ẹ̀yin ọmọ Ajílété, olóòótọ́ èèyàn ni Hónọ́rébù!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mi ò ṣeré o! Ọkùnrin yìí ò jẹ owó ìlú rí!" Ó wá di àrìntàkìtì. Ọlọ́kadà kan gbórí lé ọkọ̀ ẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Mo rò pé ohùn mi ló le jù, mo bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àṣé ohùn Káńsẹ́lọ̀ gan-an nìyẹn! Nígbà tí gbogbo ẹ̀ sú mi, mo fi Ọlọ́run búra. Yéè! Mo gbé! Bí Káńsẹ́lọ̀ ṣe máa ń búra lórí rédíò nìyẹn.

Ẹnì kan kígbe láàárín èrò pé, "Ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀, Káńsẹ́lọ̀, ẹ fi ikùn Hónọ́rébù búra!"

Hónọ́rébù ń fi eyín rẹ́rìn-ín sí èrò, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Ẹgbẹ́ kejì ló rán ẹ sí mi, àbí?"

"Rárá, sà! Látọkàn mi ni!"

"Aláìlójútì. Sọ̀kalẹ̀ kí n tó ní kí wọ́n gbé ẹ jù sílẹ̀."

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ò jẹ́ kí n wọkọ̀ wọn padà. Bọ́ọ̀sì èrò ni mo wọ̀ dé Ọ̀yọ́, tèmi ti fìlà ẹgbẹ́ lórí.

Oṣù parí, ètò mi kú. Ẹ sì mọ ẹni tó ra àkókò náà? Hónọ́rébù fúnra ẹ̀! Láàárọ̀ Sátidé báyìí, òun ló ń ka àwọn ohun tó ti ṣe fún ìlú.

Ìyá kan tó ń ta ọṣẹ l'Ákẹ̀sán dá mi dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Káńsẹ́lọ̀, ẹ má bínú o, ẹni tí wọ́n fi rọ́pò yín mọ eré ṣe jù yín lọ. Ó ní òun gbẹ́ kànga sí àdúgbò wa, níbi tá ò ti rí omi mu! Ọmọọṣẹ́ yín ni?"

Mo ti kọ́gbọ́n: ẹni tó bá ń fi olóṣèlú ṣe yẹ̀yẹ́ kó má bá wọn ṣòwò, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á sì mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Mo ní, "Rárá, Ìyá. Ọ̀gá mi ni." Àwa méjèèjì bá rẹ́rìn-ín, àmọ́ tìyá ló dùn.