Bí Mo Ṣe Di Ìdajì Ẹja Ní Rippleside

Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí yóò bá mi dé ogbó. Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ọmọ tí mo bí, n kò ní gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ náà nínú gbọ̀ngàn tí ìjọ wa ń háyà ní Rippleside, nílùú Òyìnbó níbí. Ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ fi òróró yàn mí sí ipò Ìyá Àdúrà. Ọjọ́ náà gan-an ni gbogbo ìjọ rí mi ní ìdajì ènìyàn, ìdajì ẹja.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Lupe. Ọmọ Mẹ́síkò ni, ó ń gbé nísàlẹ̀ wa ní Castle Green, àwòrán yíyà sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti fún mi ní oúnjẹ wọn kan tí wọ́n pọ́n sínú háhá àgbàdo, tó dà bí ẹ̀kọ, ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà máa ń gbé ìrẹsì sọ̀kalẹ̀ fún un. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ní ohùn ìlú rẹ̀, tèmi ní ohùn Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ ara wa yé. Bí mo ṣe rò nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan ó pàdé mi lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ pẹ́ńtì yín." Ẹ wò ó, ọ̀dà ilẹ̀kùn mi ti ń bó tipẹ́, àwọn tó ni ilé kò dá mi lóhùn. Inú mi dùn. Mo ní kó pẹ́ńtì dáadáa, kó lo àwọ̀ tó bá wù ú. Ó ní ṣé òun lè ya fọ́tò. Mo rò pé ilẹ̀kùn ló fẹ́ yà, èmi ni mo sì dúró níwájú rẹ̀! Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, èjí ẹnu mi hàn ketekete. Ọ̀sẹ̀ lọ, oṣù lọ, ilẹ̀kùn wà bó ṣe wà. Mo gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ló dí.

Nígbà tó di ọjọ́ ìyàsímímọ́ mi, èmi àti Kíkẹ́ ọmọ mi ló kọ́kọ́ dé gbọ̀ngàn, nítorí ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. Yunifásítì ni Kíkẹ́ wà. Ìlú yìí ni mo bí i sí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Mo wọ sùtánà mi funfun, mo bọ́ bàtà gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, mo tan iná.

Yéè! Egungun ènìyàn ló wà lára ògiri, ó gbé dòjé dání. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Sàtánì pupa tó ní ìwo. Ọwọ́ tí wọ́n gé. Ọkàn tí ọfà gún. Àkùkọ kan sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo se ìyá rẹ̀ jẹ lọ́dún Kérésì. Kọ́kọ́rọ́ jábọ́ lọ́wọ́ mi.

Kíkẹ́ ní, "Mọ́mì, àwòrán lásán ni, please ẹ relax."

Mo ní, "Dákẹ́ ẹnu ẹ! Àwọn ọ̀tá ti ṣáájú mi dé ibí!"

Mo fóònù Wòlíì ìjọ wa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sáré dé, àwọn ará ìjọ sì ń wọlé, oníkálukú ń lọgun bó ṣe ń fojú kan egungun náà. Wòlíì ní ká má sá. Wọ́n gbé omi àdúrà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní èmi tí ọjọ́ jẹ́ tèmi ni kí n darí àdúrà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo gbà á! Mo wọ́n omi sí Sàtánì lójú, mo da ìyókù sára oòrùn kan tó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀dà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀. Ẹnì kan pariwo pé, "Ó ń sunkún!" Orí mi wú. Mo gbóhùn sókè: "Olúwa, ẹni tó wà nídìí nǹkan wọ̀nyí, tú u fó! Fi ojú rẹ̀ hàn wá nísinsìnyí!" "Àmín" tí wọ́n ṣe dún bí ààrá.

Àwòrán kan wà níwájú tó tóbi ju gbogbo wọn lọ, wọ́n fi aṣọ bò ó. Wòlíì nawọ́ sí i: "Ìyá Kíkẹ́, ẹ ṣí i lórúkọ Jésù!" Mo fa aṣọ náà tagbáratagbára.

Èmi ni mo rí.

Èmi ni, pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ ọsàn mi, pẹ̀lú yẹtí mi, pẹ̀lú èjí mi, mo ń rẹ́rìn-ín láàárín òkun. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, ìpẹ́ ni, ìrù ni.

Mo wo àwòrán, àwòrán wò mí. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́: "Ọlọ́run mà yára dáhùn o." Ẹlòmíì lọgun, "Màmíwọ́tà!" Wòlíì tó fẹ́ yàn mí ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n di ìgò òróró mọ́ àyà bí ẹni pé mo fẹ́ jà á gbà.

Kí ni mo ṣe? Mo sá ni. Mo já sí Ripple Road nínú sùtánà, láìwọ bàtà, nínú òtútù. Kíkẹ́ ń sáré tẹ̀lé mi: "Mọ́mì, bàtà yín!" Àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì yà fún mi. Ọkùnrin kan tó ń fa ajá rẹ̀ gbé ajá náà mọ́ra. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ohun tí mò ń bi ara mi ni pé ṣé kì í ṣe pé mo máa ń lọ sínú omi lóòótọ́ tí mo bá sùn, tí n kò mọ̀? Mo rántí pé mo fẹ́ràn ẹja ju ẹran lọ. Mo rántí pé mo máa ń pẹ́ nínú balùwẹ̀. Ẹ̀rù ara mi bà mí.

Díẹ̀ ló kù kí n forí sọ Lupe. Ó múra dáadáa, ó gbé abọ́ oúnjẹ dání, ojú rẹ̀ ń dán. "Màmá! Ẹ ti rí i? Lẹ́yìn ìsìn ni mo fẹ́ fi ya yín lẹ́nu! Ṣé ó wù yín?"

Mo ní, "Lupe, kí ni mo ṣe fún ẹ tí o fi sọ mí di ẹja?"

Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé. Eré kan wà nílùú wọn tí wọ́n ń pè ní lotería. Pátákó tó ní oríṣiríṣi àwòrán ni wọ́n ń pín fún oníkálukú. Ẹnì kan á máa fa káàdì, á máa pe ohun tó wà lára rẹ̀: ikú, Sàtánì, oòrùn, àkùkọ, ọbìnrin inú omi. Ẹni tó bá ní i á fi ẹ̀wà bò ó, ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tò jọ ló jẹ. Lupe wá ń ya àwọn káàdì náà ní ńláńlá, ó sì ń fi ojú àwọn aládùúgbò wa sí i. Alábòójútó gbọ̀ngàn ló gbà á láyè láti gbé wọn kọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ní òun á sọ fún ìjọ. Kò sọ nǹkan kan.

Omi lé sójú Lupe. "Ọbìnrin inú omi ni ìyá mi àgbà fẹ́ràn jù. Mo ní kò sẹ́ni tó yẹ àfi ẹ̀yin. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n pẹ́ńtì yín."

"Ilẹ̀kùn mi ni mo ní kí o pẹ́ńtì!"

Kíkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò lè mí. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rántí oòrùn.

A padà. Lupe dúró níwájú oòrùn tí ojú rẹ̀ ti ṣàn dé àgbọ̀n, ó ń fi ìka nu ọ̀dà tó ṣàn náà. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo ẹ̀sín lọ. Mo dojú kọ ìjọ, mo ṣàlàyé bí mo ṣe lè ṣe é. Ojú wọn ti ń rọ̀ nígbà tí Wòlíì ní, "Ẹ dúró ná. Eré yìí, ṣé ẹni tó bá jẹ máa ń gba nǹkan?" Lupe, tí kò mọ irọ́ pa, ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Tẹ́tẹ́!" ni gbogbo ilé hó. Wọ́n yọ mí nínú Màmíwọ́tà, wọ́n sọ mí sínú tẹ́tẹ́.

Bàbá Ìjọ ló gbà mí sílẹ̀, arúgbó tó ń wá láti Dagenham Village. Láti ìgbà tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀, egungun náà ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí ẹni yìí? Kò sẹ́ni tí kò ní pe káàdì rẹ̀ nínú wa. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká sin Ọlọ́run kó tó pe tèmi." Gbogbo wa jókòó.

Wọn kò yàn mí lọ́jọ́ náà. Wòlíì ní kí n lọ gbààwẹ̀ ná. Nígbà tí wọ́n wá yàn mí lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, mo rí i pé wọ́n kọ́kọ́ yọjú wo ẹsẹ̀ mi lábẹ́ sùtánà kí wọ́n tó da òróró. Lupe tún oòrùn yà nínú pálọ̀ mi, èmi ni mo sì ń bọ́ ọ títí ó fi parí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí ọ̀rọ̀ kò bá yéni, ká béèrè ká tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má sì ní kí Ọlọ́run tú ẹnikẹ́ni fó nígbà tí ẹ kò mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ.

Ní ti àwòrán tèmi, ọkùnrin kan tó ń ta ẹja díndín ní Barking ló gbà á, ó gbé e kọ́ sókè ibi tó ti ń dín ẹja. Mo yà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wo àwòrán, ó wò mí, ó tún wo àwòrán. Ó ní, "Màmá, ẹja ńlá àbí kékeré?"

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ńlá.