Bándélé Lóṣòó Síwájú Ọjà

Bí ìgbéraga bá ní ìwọ̀n ni, ọkọ̀ tí Bándélé Fásanmí ń wọ̀ láti Òkè Baálẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Àbẹ̀rẹ̀ ìbá máa gba owó èèyàn mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti mọ bí a ṣe ń wo iye owó ṣíà lórí fóònù ló ti fún ara rẹ̀ ní oríkì: Erin tí ń tà, Ẹfọ̀n tí ń rà. Ẹni tí kò bá kí i bẹ́ẹ̀, kò ní dá a lóhùn.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ ní Iléṣà fẹ́ fi í jẹ oyè Máyégún, ṣùgbọ́n owó oyè kò tíì pé. Wọ́n fún un di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bí owó kò bá dé, Awóyẹmí tí wọ́n jọ ń du oyè náà ni yóò jẹ ẹ́. Awóyẹmí alágbádá kan ṣoṣo!

Àsìkò yìí ni Àǹtí Ojúọlá, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta aṣọ, wá bá a. Ìjì ti ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì fẹ́ ta ṣíà tó ní nínú ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan. Bándélé wo fóònù. Iye méjì ló wà níbẹ̀: àwọn tó fẹ́ rà ń pe náírà mẹ́sàn-án fún ṣíà kan, àwọn tó fẹ́ tà ń pe méjìlá. Ó fi àtàǹpàkò bo méjìlá.

"Mẹ́sàn-án ni, àǹtí. Torí ẹbí ni mo ṣe fẹ́ rà á fúnra mi."

"Mẹ́sàn-án péré?"

"Ẹ dúpẹ́."

Obìnrin náà dúpẹ́. Bándélé kó owó oyè tó ti ń tọ́jú sílẹ̀, ó fi rà á. Rà á ní mẹ́sàn-án, tà á ní méjìlá: ewúrẹ́ pàápàá lè ṣe ìṣirò yẹn.

Láàárọ̀ Ẹtì, ó gbé agbádá wọ̀, ó di ọ́fíìsì alágbàtà ṣíà ní Òṣogbo. Èrò kún ibẹ̀.

"Ẹ bá mi tà á ní méjìlá!" Ó pariwo kí gbogbo ilé lè gbọ́.

Rùkáyà alágbàtà rọra wò ó. "Bàbá, méjìlá ni ohun tí àwọn olùtà ń bèèrè. Kò tíì sẹ́ni tó gbà. Ẹni tó bá fẹ́ tà lónìí, iye tí olùrà bá pè ni yóò gbà. Mẹ́jọ ni wọ́n ń pè láàárọ̀ yìí, owó iṣẹ́ wa yóò sì kúrò níbẹ̀."

"Mẹ́jọ? Ṣé ẹ mọ̀ mí? Erin tí ń tà!"

"Ẹfọ̀n tí ń rà là ń wá, sà," ẹnìkan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀jẹ̀ òṣómàáló hó lára Bándélé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ láwìn, ẹnu ọ̀nà onígbèsè ló máa ń lóṣòó sí títí owó yóò fi jáde. Ó ká agbádá sókè, ó lóṣòó síwájú tábìlì.

"Òṣó ni mà á ló! N kò ní dìde àfi tí ọjà bá san méjìlá mi!"

"Ta ló jẹ yín ní gbèsè, Bàbá?" Rùkáyà bi í.

Bándélé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá onígbèsè títí, kò rí ẹnì kan. Ọ̀sán sì ń kanrí bọ̀.

"Ó dáa," ó mí kanlẹ̀. "Ta ló ń pe mẹ́jọ náà?"

"Èmi ni." Àǹtí Ojúọlá ni, lórí àga ẹ̀yìn. Wọ́n ti kan òrùlé tán, owó sì ṣẹ́kù. "Ṣùgbọ́n ìdajì ni mo fẹ́. Ìdajì tó kù, máa lóṣòó tì í."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Kí Bándélé tó buwọ́ lùwé tán, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti pè é lórí fóònù: Awóyẹmí ti sanwó pé. Bándélé fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Èèyàn mẹ́rin ló dawọ́ jọ gbé Erin nílẹ̀.

"Ẹ rọra gbé e o," àǹtí rẹ̀ ní, "iye rẹ̀ ṣì ń lọ sílẹ̀."